ÀÀBÒ ỌMỌ NÍ ILÉ-KÉÚ: ÌṢỌ́RA KÒ TAKO KÁDÀRÁ

  

 Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti náhàwù, kì í sì í ṣe ti fíkíhì. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀mí ọmọ ni. Láràárọ̀ ni àwọn òbí ní Ìkirè àti ní Àpòmù ń fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń bá ti oko, ti ọjà tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Àmáànà ni ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Bí ilé-kéú bá jáde, odidi ọmọ tí a gbà láàárọ̀ ni a gbọ́dọ̀ dá padà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: kí ni ewu, báwo ni a ṣe ń rí i kí ó tó dé, kí ni a sì lè ṣe sí i?

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BAṢỌ̀RUN

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, a pe àwọn ọmọdé síbi àríyá ìparí ọdún ní ọgbà ilé ìwé Islamic High School, Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa; ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lọ, tí ó sì ń bọ̀ lóòjọ́. Oúnjẹ àti ẹ̀bùn owó ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà. Èrò tí ó wá pọ̀ ju ohun tí àyè náà lè gbà lọ, àwọn mìíràn sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ lu ara wọn, ọmọ 35 ni ó kú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́pàá ti kéde. Ọjọ́ 3 péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 21, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní. Ẹ̀mí tún ṣòfò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí iná, ilé kankan kò sì wó. Oore ni wọ́n pe àwọn ọmọ náà sí. Èyí fi yé wa pé èrò rere nìkan kò tó láti dáàbò bo ọmọ. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe oore fún èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí èrò yóò ṣe wọlé àti bí yóò ṣe jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó ń pani níbi tí èrò bá ti pọ̀. Nígbà púpọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfúnpọ̀ ni. Bí ara bá ti fún ara mọ́ra, àyà kò ní ráyè láti gbòòrò, èémí kò sì ní lè wọlé. Ènìyàn lè wà lórí ìdúró kí ó kú. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Ó ń tì nítorí pé ó rò pé àyè ṣì wà. Ọmọdé ni ó sì ń kọ́kọ́ kágbákò rẹ̀, nítorí pé ó kúrú, kò sì lágbára. Bí ènìyàn bá ti ju 5 lọ lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, ewu ti wọ̀ ọ́.

2. ṢÉ KÁDÀRÁ KỌ́ NI?

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ọlọ́hun ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ènìyàn fẹ́ ṣe?" Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni èyí fún ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ kí jàǹbá tó dé, ọ̀lẹ ni ó bí i. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó sọdá títì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa. Nínú Súúrà Yúsúfù, nígbà tí Ànábì Yàkúbù ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Íjíbítì, ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ìlú. Kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ fún wọn pé òun kò lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún wọn, pé Òun ni òun gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ kíyè sí i: ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, ó sì tún ṣètò ẹnu ọ̀nà. Kò fi ọ̀kan pa ìkejì.

Bákan náà ni ìtàn Umar ọmọ Al-Khattab, nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù tí ó sì dé Sargh. Wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ilẹ̀ náà. Ó gba ìmọ̀ràn, ó sì pinnu láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Nígbà tí Abu Ubayda bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni, èsì rẹ̀ ni pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ti ń bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Abdur-Rahman ọmọ Awf wá jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí a má ṣe wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá ti ń jà, kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ má sì ṣe sá jáde. Ẹni tí ó bá ka èyí yóò mọ̀ pé ìṣọ́ra wà lára kádàrá.

Àwọn bàbá wa náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Wọn kò sọ pé arọ náà lè sáré. Wọ́n sọ pé ó gbọ́ kí ogun tó dé, ó sì gbọ́n tó láti kúrò lójú ọ̀nà.

3. ÌGBÉSẸ̀ MẸ́RIN TÍ A FI Ń ṢỌ́ EWU

Àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ nípa ààbò ní gbogbo àgbáyé ń tẹ̀lé ìgbésẹ̀ tí ó lè yé ọmọ kékeré pàápàá.

Àkọ́kọ́ ni kí a wá ewu rí. Kí a fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọgbà, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, kí a sì máa bi ara wa pé: kí ni ó lè ṣe ọmọ léṣe níbí?

Èkejì ni kí a wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè méjì ni a fi ń wọn ewu. Báwo ni ó ṣe sún mọ́ tó láti ṣẹlẹ̀? Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kí ni yóò bàjẹ́? Ọmọ a máa ṣubú lórí pápá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n orúnkún nìkan ni ó sábà ń bó. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọmọ ń já sí kànga, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti gba ẹ̀mí. Nítorí náà, kànga ni kí owó wa kọ́kọ́ bá, kí a tó tún pápá ṣe.

Ẹ̀kẹta ni kí a ṣe nǹkan sí i, ní ìtòtẹ̀lé yìí: bí a bá lè mú ewu náà kúrò pátápátá, kí a mú un kúrò, bí a kò bá lè mú un kúrò, kí a fi nǹkan dènà rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni kí a tó kìlọ̀ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń fi í parí. A ó sọ fún ọmọ ọlọ́dún 6 pé, "Má dé ìdí kànga o," a ó sì rò pé a ti ṣe é tán. Ọmọ ọlọ́dún 6 yóò gbàgbé, nítorí pé ọmọdé ni. Ìdérí tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kì í gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin ni kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì máa fi ṣe ìdánrawò. Kí a má ṣe kọ jàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan. Kí a kọ èyí tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ náà pẹ̀lú. Ará Àpòmù kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ohun kékeré. Àwọn òpìtàn sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ataare títà ní ọjà Àpòmù ni ó di ìjà tí ó tan ogun Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, títí tí Òwu fi tú. Bí kànga bá ti fẹ́ẹ́ gbé ọmọ kan tí a sì rí i fà padà, kí a má ṣe wí pé "A dúpẹ́" kí ó sì tán síbẹ̀. Kí a dúpẹ́, kí a sì dé kànga lọ́jọ́ náà gan-an.

4. ÀWỌN EWU TÍ Ó WÀ NÍTÒSÍ WA

Ojú títì. Títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gba agbègbè wa kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ èrò sì ń sáré lórí rẹ̀ tọ̀sántòru. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó sì máa ń tó bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí awakọ̀ tó rí ọmọ lójú títì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ bíréèkì. Kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ọkọ̀ náà ti rin mítà 22! Ọmọdé kò sì lè fi ojú wọn eré ọkọ̀ bí àgbàlagbà. Nítorí náà, kò yẹ kí ọmọ kékeré dá títì sọdá. Kí olùkọ́ kan tàbí òbí kan dúró lẹ́nu títì ní àkókò wíwọlé àti ní àkókò jíjáde, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́ àti fèrè lẹ́nu. Kí a má sì ṣe kó ọmọ mẹ́rin lé orí ọ̀kadà kan mọ́. Bí a bá ṣubú, ta ni a ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì mú nínú wọn?

Ilé. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì, ní Èkó, ilé ìwé àwọn ọmọdé sì wà ní òkè rẹ̀. Nǹkan bí ogún ènìyàn ni ó kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ìwé Saints Academy ní ìlú Jos wó lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí, ènìyàn 22 sì kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau sọ pé ilé náà kò lágbára, àti pé etí odò ni ó wà. Ilé kì í ṣàdédé wó. Ó máa ń sọ̀rọ̀: ògiri a máa lanu, òpó a máa tẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí há. Bí a bá ti rí ìlà tí ó ń fẹ̀ sí i lára ògiri, kí a kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n lọ kàwé lábẹ́ igi, títí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a sì ti yẹ páànù òrùlé wò, nítorí ìjì.

Iná. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 2021, iná jó yàrá ìkàwé tí wọ́n fi koríko kọ́ ní Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, ọmọ 20 sì kú. Kí ọdún náà tó parí, irú rẹ̀ tún pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 20 ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè kan náà. Ní oṣù Kejì, ọdún 2025, iná jó ilé-kéú kan ní Kaura Namoda, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ọmọ kéú 17 ni ó sì bá a lọ. Ilé-kéú bíi tiwa ni. Èéfín ni ó sábà ń pani kí ọwọ́ iná tó dé. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí èéfín bá kún yàrá, ẹ má ṣe dúró. Ẹ rákò lọ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ díẹ̀ wà. Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ wo irin tí a fi dí ojú fèrèsé nítorí olè. Olè kò lè gba ibẹ̀ wọlé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè gba ibẹ̀ jáde. Kí fèrèsé kan ó kéré tán ní yàrá kọ̀ọ̀kan ní irin tí a lè ṣí láti inú. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, kí a má sì ṣe tì í pa nígbà tí ọmọ bá wà nínú. Ẹ̀rọ amúnáwá kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tàbí lábẹ́ fèrèsé, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń tú jáde kò ní òórùn, ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀ kí ó má sì jí.

Ìlú dòdò ni Ìkirè, epo gbígbóná kò sì jìnnà sí àwọn ọmọ tí ń ran ìyá wọn lọ́wọ́. Bí epo bá jó ọmọ, kí a má ṣe fi ẹyin, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Omi tútù tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ènìyàn. Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, àwọn agbébọn kó ọmọ 136 lọ ní ilé-kéú kan ní Tegina, ní ìpínlẹ̀ Niger, ó sì di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè wí pé òkè Ọya nìkan ni. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, wọ́n dá ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́nà ní Èmùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ wọn lọ. Ilé-kéú kò lè bá agbébọn jà. Ṣùgbọ́n ó lè ní ẹnu ọ̀nà kan tí ẹnìkan ń ṣọ́. Ó lè ní ìwé tí a kọ orúkọ ẹni tí ó lè wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan sí. Ó sì lè ní nọ́ńbà àwọn ọlọ́pàá, Sífù Dìfẹ́ǹsì àti Àmọ̀tẹ́kùn tí ó wà nítòsí lára ògiri. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí ẹni tí a kò mọ̀ bá wá wí pé, "Ìyá rẹ̀ ni ó ní kí n mú un wá," ọmọ náà kò gbọdọ̀ lọ títí tí a ó fi gbúròó ìyá rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí ó wúwo láti sọ. Nígbà mìíràn, inú ilé ni ewu wà. Kò gbọ́dọ̀ sí àgbàlagbà kankan, ì báà ṣe olùkọ́, tí yóò máa dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹgba tí ó ń dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára kì í ṣe ẹ̀kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe ní 2003 dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìyà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá wá fi ẹjọ́ sùn, kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ dé òpin kí a tó bá a wí.

5. ÌDÁNRAWÒ Ń GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1958, iná jó ilé ìwé Our Lady of the Angels ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 92 àti olùkọ́ 3 ni ó kú. Ìdí àtẹ̀gùn ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀, èéfín sì ti gba ọ̀nà àtẹ̀gùn gòkè kí àwọn tí ó wà lókè tó mọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n yí òfin ilé ìwé padà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ aago ìkìlọ̀ àti ìdánrawò ní ọ̀kúnkúndùn.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Japan, òkun sì ya wọ ìlú. Ní ìlú Kamaishi, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n tó nǹkan bí 3,000, ni ó yè. Wọ́n ti ń fi sísá lọ sí òkè ṣe ìdánrawò fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, àwọn ọmọ tí ó dàgbà fa ọwọ́ àwọn kékeré, wọ́n jọ sáré. Ní ilé ìwé Okawa, ní etí òkun kan náà, wọ́n dúró pẹ́ jù lórí pápá, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbà, ọmọ 74 sì kú. Òkun kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ẹni tí ó ti múra sílẹ̀ ni ó yè.

Ìdánrawò kò gba owó. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a lu agogo lójijì. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan tò jáde, kí olùkọ́ mú ìwé orúkọ dání, kí gbogbo wọn pàdé lábẹ́ igi kan tí a ti yàn, kí a sì kà wọ́n. Bí ọmọ kan bá dín, kí a mọ ẹni tí ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

6. WÒLÍMỌ̀ WA

Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ wòlímọ̀, ọjọ́ tí èrò ń pọ̀ jù lọ sì ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mínà. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2006, àwọn aláájì 346 kú nínú ìfúnpọ̀ níbi òkò sísọ. Ìjọba Saudi wó afárá àtijọ́ náà, wọ́n sì kọ́ òmíràn tí ó ní àjà púpọ̀, tí ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde. Síbẹ̀, ní 2015, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí tún ṣòfò lójú ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀. Èyí kọ́ wa pé iṣẹ́ ìṣọ́ra kì í tán.

Ní tiwa, kí a kọ́kọ́ wọn pápá. Pápá tí ó jẹ́ mítà 20 níbùú àti mítà 15 lóròó jẹ́ 300 lápapọ̀. Bí a bá fi ènìyàn 2 sí mítà kọ̀ọ̀kan, 600 ni yóò gbà, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìwé ìpè má ju èyí lọ. Kí ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí a ń gbà jáde, bí Ànábì Yàkúbù ti pín àwọn ọmọ rẹ̀. Kí a má ṣe pín ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí àwọn ènìyàn jókòó sí ni kí oúnjẹ ti bá wọn. Kí a má sì ṣe ná owó tàbí ju ohun kankan sí àárín àwọn ọmọdé, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò bẹ̀ mọ́ ọn.

7. ÌLÚ MÉJÌ, OJÚ KAN

Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wá. Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ilé ìwé láti ọdún 2015, wọ́n sì gbé ìlànà ààbò ilé ìwé jáde ní 2021. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ìwé kò lè dé kànga. Ọ̀pọ̀ ilé-kéú ni kò sí ẹni tí ń wá bẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba, nítorí náà àwa fúnra wa ni a ó máa bẹ ara wa wò.

Ìmọ̀ràn tí a mú wá nìyí: kí àwọn ilé-kéú ìlú méjèèjì yan àwọn ènìyàn díẹ̀: olùkọ́, òbí, bíríkìlà, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ọ̀dọ́ kan. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ti Àpòmù wá yẹ ilé-kéú Ìkirè wò, kí àwọn ti Ìkirè sì lọ sí Àpòmù. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú tí ó ti mọ́ nǹkan lára kì í rí i mọ́. Ògiri tí àwa ti ń fara tì láti ọdún mẹ́wàá, àlejò ni yóò rí i pé ó ti tẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta péré sílẹ̀ tí ó yẹ kí a tún ṣe kí sáà tó parí. Kí ará mọ́sáláṣí dá owó rẹ̀, kí a sì kà á jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nígbà tí a bá ti ṣe é tán. Sàráà tí ó dé orí kànga tí kò ní ìdérí kò lè ṣòfò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bínú bí a bá ní kí ẹ dúró kí a fi ojú kàn yín kí a tó fún yín lọ́mọ. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí wárápá, ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ bá rí pamọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ó fi hàn nínú ìtàn Ànábì Yàkúbù pé ìṣọ́ra àti ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun lè wà pọ̀?
2. Ìbéèrè méjì wo ni a fi ń wọn ewu?
3. Ọkọ̀ kan ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí kan. Mítà mélòó ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan?
4. Èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú: kí a kìlọ̀ fún ọmọ nípa kànga, àbí kí a dé e? Sọ ìdí rẹ̀.
5. Rin ọgbà ilé-kéú rẹ yíká. Kọ ewu mẹ́ta tí o rí sílẹ̀, kí o sì fi han olùkọ́ rẹ àti òbí rẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn ọmọ tí ó ti lọ, kí Ó tu àwọn òbí wọn nínú. Kí Ó fún wa ní ojú tí a ó fi rí ewu, ọgbọ́n tí a ó fi dènà rẹ̀, àti ọwọ́ tí kò ní rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kí Ó jẹ́ kí gbogbo ọmọ tí ó bá jáde nílé láàárọ̀ máa padà wálé ní àlàáfíà. Àmín.